Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọnà Ọlọ́jọ́ Díẹ̀ ní Ọ̀nà Tóóró Àdúgbò

Ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà yín dá lé lórí lóṣù yìí ni ọnà tí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn ṣe sí ọ̀nà tóóró tó wà láàrin ilé sí ilé: bébà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, àwọ̀ tí a kùn, aṣọ tí a ta sókè, tí yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù mẹ́ta, tí yóò sì kúrò. Lẹ́tà náà pọ̀, inú wa sì dùn. Ohun kan ló kọ wá lóminú: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo yín lẹ béèrè bí ẹ ó ṣe gbé e kọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló béèrè bí yóò ṣe wá sílẹ̀. Lójú tiwa, ibẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí bí nǹkan yóò ṣe kúrò ló ń sọ irú góòmù, irú àwọ̀ àti irú okùn tó yẹ kí ẹ rà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọ̀nà tóóró kan wà láàrin ilé wa, kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. A fẹ́ lẹ àwòrán bébà ńlá-ńlá mọ́ ògiri fún oṣù kan. Àwọn kan ní ká lo góòmù funfun tí káfíńtà ń lò, àwọn kan ní sítáàṣì. Èwo ni ká mú? — Òǹkàwé kan, Ìsàlẹ̀ Èkó

Sítáàṣì ni kí ẹ mú. Góòmù káfíńtà máa ń le koko tó bá gbẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí bébà náà, yóò ká ọ̀dà ògiri mọ́ra, ìjà onílé á sì bẹ̀rẹ̀. Sítáàṣì ní tirẹ̀, omi ló ń tú u.

Ẹ wọn sítáàṣì gbígbẹ tó kún agolo mílíìkì olómi kan. Omi rẹ̀ á jẹ́ agolo méje. Ẹ fi agolo méjì omi tútù po sítáàṣì náà títí kókó ò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé agolo márùn-ún yòókù kaná. Tó bá ti ń hó, ẹ dín iná kù, kí ẹnì kan máa da èyí tí ẹ pò sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn máa rò ó láìdánu dúró. Yóò kọ́kọ́ funfun bíi mílíìkì, yóò sì ki lójijì, ojú rẹ̀ á wá mọ́ gaara. Ẹ tún rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó sọ̀ ọ́. Tí funfun bá ṣì hàn nínú rẹ̀, kò tíì jinná, kò sì ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan dáadáa. Tó bá tutù tán, ẹ fi omi là á kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Lítà kan tó fún ojú bébà tó fẹ̀ mítà 2, tó ga mítà 2, tí ẹ bá ka ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ẹ bá sè lónìí, ẹ lò ó tán títí di ọ̀la. Lọ́jọ́ kẹta yóò ti kan.

Àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ẹ̀kọ yìí dáadáa. Tiwọn máa ń ní álọ́ọ̀mù àti òkúta búlúù tí wọ́n ń pè ní kọ́pà sọ́lféètì nínú. Ẹ má fi kọ́pà sọ́lféètì sí tiyín rárá. Májèlé ni, ewúrẹ́ sì máa ń lá ògiri, ọmọ kékeré á fọwọ́ kàn án, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu.

Bébà tí kò dán ni kí ẹ lò, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókópì tàbí bébà ìwé ìròyìn. Bébà kàlẹ́ńdà tó ń dán kì í mu omi, kò sì ní dúró. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku ògiri, ẹ fi omi tútù rẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi sítáàṣì pa ògiri, ẹ fi pa ẹ̀yìn bébà náà, kí ẹ wá dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Ìdúró yẹn ṣe pàtàkì: bébà tó bá mu omi máa ń fẹ̀ sí i. Tí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ kó tó fẹ̀ tán, orí ògiri ni yóò ti fẹ̀, yóò sì wú bí èèwo káàkiri. Láti àárín ni kí ẹ ti máa fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí ẹ wá fi sítáàṣì pa ojú rẹ̀ pẹ̀lú.

Etí ló máa ń kọ́kọ́ ká, torí pé ibẹ̀ ni sítáàṣì kì í tó. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń gbẹ kó tó wọnú ògiri, nítorí náà ẹ rẹ ògiri ní ìlọ́po méjì, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ sì ṣe é. Nígbà òjò, ebu ni yóò bò ó. Ní gbogbo ìgbà, aáyán àti eku fẹ́ràn sítáàṣì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ bébà fi 30 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ilẹ̀.

Onílé wa gbà kí àwọn ọmọ àdúgbò kun ògiri ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní lẹ́yìn ọdún, ògiri òun gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà. Ṣé àwọ̀ kan wà tí omi lè fọ̀ kúrò? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ó wà, kò sì jìnnà sí yín. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní akunlé ló máa ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè nígbà ọdún òrìṣà náà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọ̀ inú ilẹ̀ àti ti ewé ni wọ́n ń lò, òjò àti oòrùn a jẹ ẹ́, wọ́n a sì tún un kùn nígbà ọdún mìíràn. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayàwòrán tó jáde ní Ifẹ̀, bíi Moyo Okediji, dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní 1989, irú ọnà ìbílẹ̀ báyìí wà lára ohun tí wọ́n padà sí.

Ẹ má lo ẹmúlṣọ̀n. Bí ẹni tó tà á bá tilẹ̀ sọ pé omi ni wọ́n fi ń pò ó, ike ló wà nínú rẹ̀, tó bá gbẹ tán omi ò ràn án mọ́. Ẹ má lo láìmù náà: ó ń jó ojú àti awọ, ó sì máa ń di ara ògiri.

Ẹfun fún funfun, ilẹ̀ pupa fún pupa, èédú fún dúdú, búlúù ìfọṣọ fún búlúù. Ẹ gún wọn kúnná, kí ẹ fi asẹ́ ògì sẹ́ wọn ní gbígbẹ. Iyanrìn tó bá ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ pupa ló máa ń jẹ́ kí àwọ̀ já bọ́ ní wóró-wóró. Agolo mẹ́ta lẹ́búlẹ́bú àwọ̀, agolo kan sítáàṣì sísè, kí ẹ fi omi là á títí yóò fi nípọn bí ògì tí a kò tíì rò. Èédú kì í fẹ́ gba omi, orí omi ni yóò máa léfòó sí. Ẹ̀kán ọṣẹ olómi díẹ̀ ni yóò mú un rì.

Tó bá gbẹ, ẹ fi àtàǹpàkò fà á. Kí àwọ̀ díẹ̀ hàn lára ìka, ohun tí a ń fẹ́ nìyẹn. Bí ìka bá kún fún àwọ̀, sítáàṣì kò tó. Bí ó bá sì ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, sítáàṣì ti pọ̀ jù.

Ilẹ̀ pupa àti èédú lè wọ inú ògiri tí kò dán, pàápàá ògiri sìmẹ́ǹtì tí wọn kò kùn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ẹfun àti sítáàṣì tó ṣàn pa gbogbo ojú ògiri náà, kí ó dúró láàrin ògiri àti àwọ̀. Kí ẹ sì dán an wò ní ìgun kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́: ẹ kùn ún, ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi omi àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, kí onílé wà níbẹ̀ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ má lo osùn fún iṣẹ́ yìí. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń rẹ ògiri, oòrùn sì ń pa á.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù fún àwọ̀ báyìí. Ní oṣù kẹfà, òjò kan ṣoṣo tó láti fọ̀ ọ́ kúrò.

Ọdún tó kọjá, a ta aṣọ láti ilé sí ilé ní ọ̀nà tóóró wa, kí ó lẹ́wà, kí ó sì ṣíji bo àwọn ìyá tó ń tajà. Ìjì kan jà, ìkọ́ fà yọ, búlọ́ọ̀kù sì fọ́. Okùn wa nípọn, a sì fà á le dáadáa. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Fífà tí ẹ fà á le ló fà á. Okùn tó nà tán-ín-rín máa ń fa ògiri ju èyí tó rọ̀ díẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àǹkárá yáàdì mẹ́fà tó gbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ pé kílò kan, ṣùgbọ́n tí òjò bá pa á, ó lè tó kílò 2. Ká ní méjì wà lórí okùn kan, kílò 4 nìyẹn. Tí ọ̀nà náà bá fẹ̀ mítà 4, tí ẹ jẹ́ kí àárín okùn rọ̀ wálẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà, ìkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìfà bíi kílò 5. Tí ó bá rọ̀ ní 10 péré, ó di kílò 20. Tí ó bá rọ̀ ní 5, ó di kílò 40, a kò sì tíì ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ ọ̀nà ni kí àárín okùn fi rọ̀ wálẹ̀.

Afẹ́fẹ́ wá ńkọ́? Ìjì tó ń sáré ní 50 kìlómítà láàrin wákàtí kan máa ń ti aṣọ tó fẹ̀ mítà kan, tó gùn mítà kan, tó kọjú sí i, pẹ̀lú agbára bíi kílò 12. Aṣọ tó bo gbogbo ojú ọ̀nà bí àtíbàbà ti di ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Ẹ gé e sí ọ̀já-ọ̀já, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi àlàfo tó ìbú ọwọ́ kan sí àárín wọn. Òjìji á ṣì wà, afẹ́fẹ́ á sì rí ibi gbà.

Nípa ìkọ́: búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé níhìn-ín ní ihò nínú. Bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò yóò kàn fọ́ ara búlọ́ọ̀kù náà ni. Inú òpó tàbí bíìmù kọnkéré ni kí ẹ gbé bóòtù sí, kó nípọn tó mílímítà 8, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 6 ó kéré tán. Tí ẹ ò bá mọ ibi tí bíìmù wà, ẹ fi òòlù kan ògiri lókè fèrèsé: ibi tí kò dún bí ìlù ni. Ẹ má so okùn mọ́ irin fèrèsé tó ti dípẹtà, ẹ má so ó mọ́ páìpù omi, ẹ má tilẹ̀ súnmọ́ òpó iná.

Okùn ike, èyí tó máa ń ní àwọ̀ búlúù tàbí ewé, mílímítà 6, dára, torí kì í nà tí òjò bá pa á. Náílọ́nù máa ń nà. Ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ okùn ike. Nígbà tí ẹ bá rí i tó ń hu irun funfun, tí lẹ́búlẹ́bú ń dà lára rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ohun kan tó máa ń gba ògiri là ni pé kí ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè já so apá kan okùn ńlá mọ́ ìkọ́. Tí ìjì bá le jù, ibẹ̀ ni yóò já, aṣọ á sì fì sẹ́bàá ògiri kejì láìfa nǹkan kan ya.

Kí etí aṣọ tó rẹlẹ̀ jù ga tó mítà 3, torí àwọn tó ru ẹrù; níbi tí ọkọ̀ ń gbà, mítà 4 ààbọ̀. Wáyà NẸ́PÀ tó bá kọjá níbẹ̀, ẹ jìnnà sí i ní mítà 3 ó kéré tán, àkàbà onígi ni kí ẹ sì lò. Okùn tí òjò pa lè gbé iná. Tí wáyà bá wà ní gbogbo òkè ọ̀nà yín, ẹ fi òkè sílẹ̀, ẹ ṣe ọnà yín sára ògiri nìkan. A ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn mìíràn lórí èyí.

Àwọn tó fẹ́ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dípò aṣọ náà kọ̀wé. Ẹ lè lò ó, àmọ́ kó má ṣe wà lókè ibi tí wọ́n ti ń dáná tàbí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sí. Ọ̀rá tó bá gbiná máa ń kán sílẹ̀ pẹ̀lú iná lára rẹ̀.

Àádọ́ta èèyàn ló fẹ́ bá wa kun ògiri kan tó gùn mítà 12, tó ga mítà 2. Ẹ̀rù ń bà wá pé yóò di rúdurùdu. — Òǹkàwé kan, Òṣogbo

Ẹ pín in sí ilé-ilé bí aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ wo àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olókun tàbí Ìbàdàndùn: onígun mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígun mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọnà tirẹ̀, síbẹ̀ aṣọ kan ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ògiri yín yóò fún yín ní ilé 24, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Ẹni méjì sí ilé kan, ẹni 48 nìyẹn, méjì tó kù ni yóò máa pò àwọ̀. Àwọn ọmọdé ni kí ẹ fún ní ìlà ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọmọ sórí àga.

Ilẹ̀ ni yóò tàn yín. Ọ̀nà tóóró kì í sábà tẹ́jú, torí omi gbọ́dọ̀ ṣàn. Bí ẹ bá ti ilẹ̀ wọn ìlà, gbogbo ilé náà ni yóò dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi kùn ún tán. Róbà tó mọ́ gaara tí bíríkìlà ń rọ omi sí ni kí ẹ fi mú ìlà ìkínní: ibi tí omi bá dúró sí lápá ọ̀tún, ibẹ̀ náà ni lápá òsì. Ẹ fi búlúù pa okùn láìnì, ẹ nà án, ẹ fà á, ẹ jù ú sílẹ̀ kó lu ògiri; ìlà á yọ. Kí ẹ wá wọn ilé kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun ní ìdábùú méjèèjì. Tí méjèèjì kò bá dọ́gba, ilé náà ti wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kan ṣoṣo pò àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan náà. Pupa tí a pò láàárọ̀ àti pupa tí a pò lọ́sàn-án kì í bára mu. Lítà kan ń kun ilé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà lítà 6 tó, ẹ pò 8. Kí oníkálukú fi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ yí ká ilé rẹ̀ láìkùn; lọ́jọ́ kejì, ẹni méjì tí ọwọ́ wọn dúró ni yóò fi àwọ̀ kan kun gbogbo ààlà náà. Ààlà yìí ló ń so ọwọ́ àádọ́ta èèyàn pọ̀.

Ta ni ká tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? — Òǹkàwé méjì, Èkó

Ẹni tó ni ògiri, kì í ṣe ẹni tó ń háyà ilé. Baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò pẹ̀lú CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Àti àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí ibẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan: ọjọ́ tí yóò gòkè, ọjọ́ tí yóò sọ̀ kalẹ̀, orúkọ ẹni méjì tí yóò sọ̀ ọ́, kí owó ìsọ̀kalẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ akápò CDA kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òun á fún yín lówó kí ẹ lè kọ orúkọ òun sí i, ó ti di ìpolówó ọjà nìyẹn, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní LASAA ló sì ń bójú tó ìpolówó ìta ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ tún rí i pé ẹni méjì tó gbé aláìsàn lè gba ọ̀nà náà kọjá nígbàkígbà.

Mo rí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi pákó lílọ̀ aláràbarà ṣe ní Bràsíl. Ṣé a lè ṣe é? — Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ ń ṣe é fún ọdún Corpus Christi, ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn Àjíǹde. Ará àdúgbò á fi òru tẹ́ ẹ sí ojú títì, ìwọ́de ìsìn á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìlú Matão ní ìpínlẹ̀ São Paulo wà lára ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n dunjú.

Bí ẹ bá tẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó nípọn sẹ̀ǹtímítà kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 10 kan ló ń bo mítà kan níbùú àti lóròó. Ọ̀nà tó gùn mítà 10, tó fẹ̀ mítà 1 ààbọ̀, yóò gba 15. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi gbígbóná tú aró onílẹ́búlẹ́bú, ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sá a lábẹ́ òjìji kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Kó má gbẹ tán. Èyí tó gbẹ tán ni afẹ́fẹ́ ń kó lọ. Ẹ tẹ́ iyanrìn sábẹ́ rẹ̀, kí aró má bàa rẹ sìmẹ́ǹtì. Ẹ gé páálí fún ọnà tí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ kún inú rẹ̀, ẹ gbé e sókè tààrà. Ẹ bi onípákó léèrè kí ẹ tó gbà á: pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí kò yẹ fún ibi tí ọmọdé ń jókòó.

Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn àwọn ilé wa ní Peckham. A fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi ọnà àdìrẹ ṣe é lẹ́wà nígbà ìsinmi. — Òǹkàwé kan, London

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá káńsù ló ni ọ̀nà náà tàbí àwọn onílé. Bíríkì àtijọ́ níbẹ̀ ń mu àwọ̀ gan-an, nítorí náà ẹ má fi ilẹ̀ pupa tàbí èédú kàn án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn ún sórí pákó pẹlẹbẹ, kí ẹ fi ọ̀já ike dè é mọ́ ọgbà. Bí wọ́n bá fẹ́ kun ògiri gan-an, ẹ mú wọn lọ sí Leake Street lábẹ́ ibùdókọ̀ Waterloo, níbi tí wọ́n ti gba ẹnikẹ́ni láyè láti kun ògiri látìgbà tí àjọ̀dún ọnà kan ti wáyé níbẹ̀ ní 2008. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó kúrò, ẹlòmíràn lè kun tirẹ̀ lé e kílẹ̀ tó mọ́.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé àkókò ti tó láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀? — Òǹkàwé kan, Ìlaròó

Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ni, àyàfi tí nǹkan mẹ́ta yìí bá ṣáájú rẹ̀: etí bébà ti ká tó ìbú ọwọ́ kan, okùn ti ń hu irun, tàbí ẹ rí ọ̀rá tàbí bébà kan nínú gọ́tà. Èyí ìkẹta ni kí ẹ má fi falẹ̀ rárá, torí òjò kan péré ló kù kó dí.

Ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é, ẹni mẹ́rin tó. Ẹ fi ẹ̀rọ ìfọ́nmi tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé kọ́rùn rẹ bébà gbingbin, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un rẹ, kí ẹ tó fi ìfá onike fá a láti òkè wá sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ irin fá a gbígbẹ ló ń há ògiri. Àwọ̀ ilẹ̀ gba búrọ́ọ̀ṣì àti omi púpọ̀: ẹ kọ́kọ́ fi àpò iyanrìn dí ẹnu gọ́tà, kí ẹrẹ̀ àwọ̀ náà dúró sójú ọ̀nà, kí ẹ fi ṣọ́bìrì kó o nígbà tó bá sùn. Ẹ yọ bóòtù, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ihò, ẹ pe onílé wá wò ó. Aṣọ tí oòrùn kò tíì jẹ, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ dá a padà fún ẹni tó mú un wá.